Fáàfù Tí Mo Lọ̀ Ní Ararọ̀mí

Ọmọ Màhíntẹ̀dó ni mí, ṣùgbọ́n Ararọ̀mí ni mo ti fi ọwọ́ mi wá oúnjẹ fún ọdún mẹ́tàlá. Ẹ́ńjìnnì ni mo ń tún ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, àwọn tí a máa ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo wọn kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́, tí èéfín wọn máa ń rùn mọ́ni láṣọ. Mo mọ̀ wọ́n débi pé bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lọ́nà jínjìn, tí n kò tíì rí i rárá, mo lè sọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ọwọ́ mi kì í tàsé. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́. Láti ìgbà tí mo sì ti gbà wọ́n gbọ́ ni ó ti ṣòro fún mi láti la ẹnu sọ pé nǹkan kan wà tí n kò mọ̀.

Ẹnjiníà kan gba ilé sí ìlú wa nígbà náà. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń bá àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ṣiṣẹ́. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Ó gbé alùpùpù kan dání tí irú rẹ̀ kò dé etíkun wa rí. Àga rẹ̀ ga dé ìbàdí mi, táyà rẹ̀ ní eyín gbàǹgbà bíi ti kátakátá. Kò ní iná, kò sì ní ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù sí. Wọ́n ṣe é fún eré ìje lórí erùpẹ̀ àti òkìtì ni. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn tí iyanrìn etí rẹ̀ sì le, Ẹnjiníà á gùn ún lọ bọ̀, àwa á sì dúró máa wò ó. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹ́ńjìnnì tiwa. Ó jinlẹ̀, ó ń gbó.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan bí mo bá lè rí inú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Sátidé kan, a tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó sì ń tú u ní ẹyọ ẹyọ, ó ń ṣàlàyé.

"Wo písítìn yìí," ó ní. "Ṣé o rí i pé ó kúrú?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ̀, ó sì kúrú bí ìdérí agolo mílíìkì. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé irin ni.

Ó sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì bí irú tiwa, tó ń jẹ ọ́ìlì pẹ̀lú epo, ló máa ń gba ipò kìíní nínú eré ìje láyé àtijọ́, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì yára. Èyí tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ikùn wúwo, ó sì lọ́ra. Àwọn tó ń ṣe é wá jókòó, wọ́n gé písítìn kúrú kí ọ̀nà tí yóò máa rìn lè kúrú, kí ó lè yí ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fi fáàfù mẹ́rin, àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde, sí ibi tí méjì máa ń wà. Wọ́n tún fi nǹkan kékeré kan sí i tó máa ń ṣí fáàfù díẹ̀ nígbà tí a bá ń tapá sí i kí ó lè jí, kí ó má baà gbá ẹsẹ̀ ẹni padà. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́, nítorí alùpùpù àtijọ́ kan ti gbá ẹsẹ̀ mi rí, tí mo fi rìn tìrọ̀tìrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà náà ló mú fáàfù kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Èyí ni mo fẹ́ kí o fi etí sí dáadáa. Irin yìí kì í ṣe irin tí o mọ̀. Títéníọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ó fúyẹ́, òun ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yìí lè sáré. Ṣùgbọ́n líle rẹ̀, ojú rẹ̀ ló wà. Nǹkan kan ni wọ́n fi bò ó, ó fẹ́lẹ́ ju awọ inú ẹyin lọ. Má fi gíríìsì oníyanrìn, èyí tí ẹ fi ń lọ fáàfù ẹ́ńjìnnì yòókù, lọ̀ ọ́ láéláé. Bí o bá ti lọ̀ ọ́, o ti bó o nìyẹn. Yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ yóò jẹ ara rẹ̀ tán."

Lẹ́yìn náà ó fi àwọn irin kéékèèké kan hàn mí nínú àpótí, wọ́n rí bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, ìnípọn wọn kò dọ́gba. Ó ní bí àyè tó wà lórí fáàfù bá ti ń dí, tí alùpùpù kò sì fẹ́ tètè jí mọ́, bọ́tìnnì ni a ó pààrọ̀, a ó fi èyí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ sí i. Ìwé kan wà tí òǹkà rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ̀ pé mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú omi wa. Láàárín àwa àti àwọn aládùúgbò wa ni, àwọn tí a jọ ń pẹja, tí a jọ ń fẹ́ ara wa. N kò ní lè sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà márùn-ún ni mo gbà gbọ́ ọ. Ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Mo rí àwọn ọkọ̀ tó dé láìní ẹni tó ń tù wọ́n. Mo rí ìdílé méje nínú yàrá kan. Àwọn agbanisíṣẹ́ Ẹnjiníà kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò sì fún wọn láyè láti kó ju báàgì kọ̀ọ̀kan lọ. Kí ó tó lọ, ó fi alùpùpù náà, àpótí bọ́tìnnì àti ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì yìí, ọkùnrin ni, ọmọ Èkìtì. Ìjọba ló gbé e wá sí ilé ìwòsàn kékeré wa. Òun nìkan ló kù níbẹ̀, gbogbo àwọn tó kù ti sá. Nígbà tí kò sí ẹni tó lè gba inú odò kọjá mọ́, òun ló ronú kan alùpùpù náà. Etíkun ló ń gbà, lórí iyanrìn líle, láti Ararọ̀mí dé àwọn abúlé apẹja tó wà níwájú. Ó ń gbé oògùn lọ, ó ń gbé ẹni tó fara pa bọ̀. Bí a bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà lókèèrè, àwọn obìnrin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi ka iná.

Iyanrìn wọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ ni, ó yá ni, iyanrìn á wọ ohunkóhun lọ́dọ̀ wa. Alùpùpù náà kò tètè jí mọ́. Nọ́ọ̀sì á tapá títí òógùn á bò ó. Ní òwúrọ̀ kan ó tì í wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ gbà mí o. Wọ́n ń retí mi, mo gbọ́dọ̀ lọ lọ́la."

Ìlú kún nígbà náà, àwọn tó sá wá kò sì rí nǹkan ṣe. Kí n tó tú ẹ́ńjìnnì náà tán, ènìyàn bí ogún ti yí mi ká. Mo wọn àyè orí fáàfù. Ó ti dí, bí Ẹnjiníà ti wí gẹ́lẹ́. Bọ́tìnnì ni mo yẹ kí n pààrọ̀. Mo ṣí àpótí náà, mo rí àwọn òǹkà wínníwínní tó wà lára wọn, orí mi sì dàrú. N kò mọ ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ṣírò èyí tó yẹ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yẹn sì ju agbára mi lọ.

Nọ́ọ̀sì rí i. Ó na ìwé náà sí mi, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn ènìyàn má baà gbọ́.

"Ṣé kí n máa kà á, kí ẹ máa ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni ó sọ. Bí mo bá ti dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wákàtí kan kò ní pé tí a ó fi ṣe é tán. Ṣùgbọ́n ojú ogún ènìyàn wà lára mi. Mo gbé ohùn sókè.

"Ṣé ìwé ló máa kọ́ mi ní ẹ́ńjìnnì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti Nọ́ọ̀sì, ó pa ìwé náà dé, ó fi sí abẹ́ apá. Èmi sì mú gíríìsì oníyanrìn, mo fi pa fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú, mo ń yí wọn láàárín àtẹ́lẹwọ́ mi bí mo ti ń ṣe fún gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ní fáàfù láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Mo ń rántí ohun tí Ẹnjiníà sọ bí mo ti ń yí wọn. Mo sọ fún ara mi pé àwọn oníwèé ló máa ń sọ àsọdùn. Nígbà tí mo lọ̀ wọ́n tán, mo fi fáìlì gé orí wọn kúrú díẹ̀ kí àyè lè wà, mo tò ó padà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Nọ́ọ̀sì tapá sí i tó jí. Àwọn ènìyàn pariwo, ẹnì kan gbé mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ọwọ́ mi kò ní rọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni ó lọ gbé obìnrin kan ní abúlé kejì. Ẹja ni obìnrin náà ń yan, ọ̀dọ́ sì ni, ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìbọn bà á ní ọrùn ọwọ́. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ dì í le kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró, ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó fi ọ̀já so ó mọ́ ara rẹ̀, wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì kú. Ó gbóná, kò sì jí mọ́. Ó tapá títí. Ó tì í lórí iyanrìn, obìnrin náà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí obìnrin náà fi ṣubú. Ó fi alùpùpù sílẹ̀ lókè, níbi tí omi kò lè dé, ó pọn obìnrin náà. Òkun ń kún bọ̀ lákòókò náà, iyanrìn líle sì ti wọ abẹ́ omi, inú iyanrìn rírọ̀ ló ń rì gba kọjá. Òwúrọ̀ ni wọ́n gbéra, ọ̀sán ti pọ́n kí a tó rí wọn. A gbé obìnrin náà gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Wọ́n gé ọwọ́ náà. Dókítà ní aṣọ tí wọ́n fi dì í ti pẹ́ jù lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ọwọ́ náà mọ́.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin lọ gbé alùpùpù náà wá, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Nọ́ọ̀sì dúró níbẹ̀, iyanrìn ṣì wà ní irun orí rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" Kò bínú. Ó kàn béèrè ni.

Mo ti mọ̀. Nígbà tó sọ pé ó kọ̀ láti jí nígbà tó gbóná ni mo ti mọ̀. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo wò ó, mo tú ọ̀pá epo, mo da epo díẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń wá ohun tí n ó sọ. Mo wá gbọ́ ohùn ara mi.

"Omi ló wà nínú epo."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta epo ní ìlú wa lákòókò náà. Ìyá Elépo ni gbogbo wa ń pè é. Opó ni, mùsùlùmí, ọkọ rẹ̀ apẹja ti kú. Ìyá tó bí i wá láti ìhà kejì, lára àwọn tí a ń bá jà. Kò sí ẹni tó rántí èyí nígbà tí nǹkan dára. Lọ́jọ́ yẹn gbogbo ènìyàn rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," ọkùnrin kan sọ.

N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọ́n lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n yí àwọn àgbá rẹ̀ dé etí òkun, wọ́n dà wọ́n nù. Òórùn epo gba gbogbo ìlú. Wọn kò fọwọ́ kan obìnrin náà fúnra rẹ̀, mo sì máa ń fi èyí tu ara mi nínú, bí ẹni pé èmi ni mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn tí wọ́n túká, ó wá bá mi. Ó ti wé gèlè rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń lọ sí òde.

"Ọmọ mi, ṣé o rí omi náà?"

"Mo rí i, mà."

"Pẹ̀lú ojú ara rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fi hàn mí."

"Mo ti dà á nù, mà."

Ó wo ojú mi. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ó dáa, Ọlọ́run ń rí wa." Ní ọjọ́ kejì ó di ìkòkò àti aṣọ rẹ̀, ó bá àwọn tó ń lọ sí Ìgbókòdá lọ.

Nígbà tí mo dá wà, mo tú orí ẹ́ńjìnnì náà. Ojú fáàfù méjì ti wọnú bí etí abọ́ tó ti gbó. Ohun tó bò wọ́n ti lọ, irin náà sì ti ń jẹ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ fún mi. Mo dé e padà. Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì pé epo burúkú náà ti ba inú rẹ̀ jẹ́, a kò sì lè rí ẹ̀yà ara tuntun fún un. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì fi ń rin etíkun, oògùn lórí rẹ̀. Mo máa ń rí i láti ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ó bá kí mi, mo máa ń ṣe bí ẹni tí ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó gbọ́.

Àlàáfíà padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ìhà méjèèjì jókòó, ọjà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà dé láti wá wo ohun tó kù nínú ẹrù rẹ̀. Ó ní kí n wá, kí a jọ tú alùpùpù náà. Kò pẹ́ tó fi mú fáàfù kan sókè sí oòrùn.

"Ta ló lọ èyí?"

N kò rí ẹni tí mo lè na ìka sí. "Èmi ni."

"Mo sọ fún ọ."

"Ẹ sọ fún mi."

Mo ń retí kí ó bú mi. Ó kàn mi orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì lásán ni," ó ní. "A ó rí òmíràn." Kò mọ̀ nípa obìnrin tí wọ́n gé lọ́wọ́. Kò mọ̀ nípa Ìyá Elépo. Mo bá a palẹ̀ irin rẹ̀ mọ́, mo sì lọ sílé. Oúnjẹ tí ìyàwó mi gbé fún mi, n kò fọwọ́ kàn án. Ó béèrè ohun tó ṣe mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Mo wà lára àwọn tí kò kí Ìyá Elépo lọ́jọ́ tó ń lọ." Ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbókòdá ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Mo rí Ìyá Elépo nítòsí èbúté, iyọ̀ àti àlùbọ́sà ló ń tà báyìí, lórí tábìlì kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ ń wò wá. Mo sọ ohun tí mo ṣe, láti orí gíríìsì dé orí epo. Ó ń to àlùbọ́sà rẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́.

"Dìde," ó ní. "Ṣé o ti sọ fún àwọn ará Ararọ̀mí?"

"Rárá, mà. Ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ wá."

"Kí lo wá sọ fún mi, nígbà náà? Èmi mọ̀ pé omi kò sí nínú epo mi. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Lọ sọ fún àwọn tí kò mọ̀."

Mo sọ fún wọn. Ìpàdé ìlú wà ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lórí ọ̀rọ̀ òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa lọ. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan. Mo dìde. Mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan ìwé tí Nọ́ọ̀sì fẹ́ kà fún mi àti bí mo ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí mo parí, ọkùnrin kan lára àwọn tó yí àgbá dìde, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní mo sọ òun di aṣebi. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mo tún rò ó lọ́kàn mi pé n kò rán an níṣẹ́, ìrònú yẹn náà sì tún jẹ́ ìtìjú fún mi.

Obìnrin tó pàdánù ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ gígé náà lé itan, ó fi ìborùn bò ó. Wọ́n béèrè bí ó bá ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ òkun lọ.

Nọ́ọ̀sì kò bú mi, kò sì gbé nǹkan kan wá fún mi tún ṣe mọ́. Nígbà tí fíríìjì oògùn rẹ̀ bàjẹ́, ó gbé e gba ojú omi lọ sí Ìgbókòdá. Mo lè tún un ṣe láàárín wákàtí méjì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń wò ó bí wọ́n ti ń gbé e kọjá.

Mo tún padà lọ bá Ìyá Elépo lẹ́yìn ìpàdé náà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó ti lọ kírun, mo sì dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Nígbà tó dé, mo sọ fún un pé mo ti sọ ọ́, pé ìlú ní kí n bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Obìnrin kan wá ra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lákòókò náà, Ìyá Elépo bù ú fún un, ó fi èènì sí i.

"Ó dáa," ó ní fún mi. "Kí ilé." Kò ní kí n jókòó. Mo dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó ṣì ní ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn ti dé. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, mo wọ ọkọ̀ padà sílé.